Kámẹ́rà aṣọ́lé kékeré tí owó mi ká: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní kí n sọ tèmi, torí ó dùn mí, mi ò sì fẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ ọmọ mi gbé lẹ́nu ọ̀nà wa. Kámẹ́rà wà níbẹ̀ o. Mo ti rà á láti bí oṣù márùn-ún ṣáájú, ẹyọ kan ṣoṣo, irú èyí tí kò nílò àpótí tó ń gba fídíò pamọ́: ẹ fún un níná, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi, ẹ ki káàdì ìrántí (memory card) tó ń gba fídíò pamọ́ bọ inú rẹ̀, ó parí. Nígbà tí mo ń rà á, ohun méjì péré ni mo wò, iye owó rẹ̀ àti bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Wọ́n kọ 1080p sára páálí, àwòrán orí fóònù mi sì mọ́ gaara. Ọkàn mi balẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a wá kẹ̀kẹ́ tì, mo sáré ṣí áàpù. Ẹnu ọ̀nà wa bó ṣe wà lásìkò yẹn hàn kedere. Mo ní kó padà sí òru àná, kò sí nǹkan kan. Mo wo ọjọ́ tó ṣáájú, òfìfo. Káàdì náà ti kú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kámẹ́rà ò sì wí nǹkan kan fún wa. Ọmọ mi dúró tì mí, ó ń wo fóònù, ó ń retí kí n fi olè náà hàn án. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Kámẹ́rà tó ń ya fídíò tọ̀sán-tòru kì í yéé kọ nǹkan sórí káàdì. Bí káàdì bá kún, á pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́, á kọ tuntun lé e, bẹ́ẹ̀ ni á máa yí po. Káàdì lásán tí a ń lò nínú fóònù kò lè fara da irú iṣẹ́ yẹn pẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún un, “High Endurance” ni wọ́n máa ń kọ sára wọn. Wọ́n wọ́n díẹ̀ ju ti lásán lọ. Lójú tèmi, ẹ kúkú ra kámẹ́rà tó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi owó tó kù ra káàdì gidi.

Ẹ tún ṣírò rẹ̀: bí fídíò bá ń wọlé ní ìwọ̀n 2 Mbps (mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan), nǹkan bíi GB 21.6 ló ń jẹ lóòjọ́. Káàdì GB 32 kò pé ọjọ́ méjì, ti GB 128 kò ju bí ọjọ́ mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ti parẹ́ kó tó dé. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kó máa ya kìkì ìgbà tí nǹkan bá mì níwájú rẹ̀. Kí ẹ sì wo páálí kí ẹ tó ra káàdì, torí kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló lè gba káàdì ńlá.

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi kì í ṣe ti káàdì. Ayálégbé ni mí, onílé ò sì gbà kí n lu ògiri, ni mo bá gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé láti inú yàrá. Lọ́sàn-án ó dáa. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú, gbogbo rẹ̀ funfun báláú! Ìmọ́lẹ̀ infrared tó fi ń ríran lóru ló ń lu gíláàsì, tó ń padà wá bá ojú rẹ̀. Mo pa ìmọ́lẹ̀ náà, mo tan gílóòbù kékeré síta, ó sì ń ríran dáadáa báyìí.

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni kò mọ̀ ju Wi-Fi 2.4 GHz lọ. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi ń bá tèmi jà lórí 5 GHz, ìyẹn irú Wi-Fi kejì, kí n tó mọ̀.

* * *

Ìyá mi ló ń dá gbé, òun ni mo rà á fún. Mo mú oní-bátìrì, mo sì gbé e sókè téńté kí ọwọ́ má baà tó o. Àṣìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Oní-bátìrì máa ń sùn kí agbára rẹ̀ má baà tán. Ó dìgbà tí ooru ara ènìyàn bá kọjá níwájú rẹ̀ kó tó ta jí. Ẹnìkan wá kan ilẹ̀kùn ìyá mi lóru lẹ́ẹ̀mejì, àtàrí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí. Màmá ò lè sùn mọ́.

Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí oníwáyà, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tó ga ju orí ènìyàn lọ díẹ̀, mo kọjú rẹ̀ síbi tí àlejò gbọ́dọ̀ dúró sí. Nígbà kẹta, ojú hàn. Aládùúgbò tuntun ni, ó ń ṣi ilé mọ̀ nínú òkùnkùn.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Mirai, kòkòrò orí kọ̀ǹpútà tó jà ní 2016, irú ọ̀rọ̀ aṣínà bẹ́ẹ̀ ló fi wọ inú kámẹ́rà àti ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) kiri, tí wọ́n fi kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà sí àwọn ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní October 21, tí Twitter àti Netflix kò fi ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlòkù ni mo ra ní tèmi. Mi ò lè lò ó títí ẹni tó tà á fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí áàpù.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ pé kí kámẹ́rà má ga jù yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti sọ̀ tèmi kalẹ̀ sórí àtẹ́rígbà, káàdì tuntun ti wà nínú rẹ̀, mo sì ń ṣí fídíò àná wò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ọmọ mi dé láti ilé ìwé lánàá, ó dúró, ó gbójú sókè sí i, ó juwọ́. Gbogbo ojú rẹ̀ ló hàn.