Ṣé kí n jẹ́ kí olóògbé kí àwọn àlejò níbi ìnáwó ara wọn?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí Sátidé tó dé, torí ó ti lé oorun lójú mi.

Ìwé òkú ni mò ń tẹ̀ ní Ṣómólú. Pírógíráàmù, pósítà, kàlẹ́ńdà, abẹ̀bẹ̀ tó ní fọ́tò olóògbé lára, ọdún kẹrìnlá rèé. Nígbà tí fídíò dé, mo fi fídíò kún un. Obìnrin kan tó ń gbé ní Kánádà wá pè mí pé màmá àwọn kú lẹ́ni ọdún 81, ìnáwó ń bọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ó fẹ́ kí Màmá fúnra wọn kí àwọn àlejò látinú fídíò. Ó fi voice note 16 ránṣẹ́, ó kọ ohun tí Màmá máa sọ, ó sì san ìdajì owó ká tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo gbé e fún ẹ̀rọ AI tó ń sín ohùn èèyàn jẹ. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Obìnrin yẹn ò fàmì sórí ọ̀rọ̀ tó kọ, ni ẹ̀rọ bá ka "ọkọ mi" bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáńfó. Àbẹ̀kẹ́ di orúkọ òyìnbó. Mo jókòó, mo fàmì sí gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún àwọn ibì kan kọ bí àgbà ṣe máa sọ ọ́. Nígbà kẹrin, ó jáde. Aago mọ́kànlá òru, iná ti lọ, bátìrì laptop ló kù, ni àgbà obìnrin kan bá sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi: "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó sì wúkọ́ díẹ̀. Kò sí ikọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fún un. Mo yáa pa á.

Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni mímọ́. Mo ti fi kọ̀ǹpútà wé gèlè fún òkú tó jẹ́ pé orí wọn lásán ló wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Mo ti gbé aṣọ òkè wọ bàbá tó ya fọ́tò pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ wọn dúpẹ́, kò sẹ́ni tó pè mí ní òpùrọ́. Kí ló wá dé tí èyí há mi lọ́fun? Bóyá gbólóhùn kan ni. Láàárín ìkíni yẹn, obìnrin yìí ní kí Màmá sọ pé: "Mo ti dárí ji gbogbo yín, kò sí ohun tó kù nínú mi." N ò mọ ìjà ìdílé wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Mushin ò sì mọ̀ pé nǹkan báyìí ń bọ̀.

Ṣé iṣẹ́ ni mò ń ṣe ni, àbí irọ́ ni mò ń pa mọ́ òkú?

Gbówó-sápò

Ẹ̀gbọ́n, dísù ti wọ́n. Ẹ gba bálánsì yín, ẹ jàre.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Kí ni tuntun nínú kí òkú sọ̀rọ̀? Nílé bàbá ìyá mi, egúngún máa jáde, á pe àwọn ọmọ lórúkọ, á súre fún wọn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fún un lówó. Gbogbo wa la mọ̀, a kì í sọ. Níbí náà, bí ẹni ńlá bá lọ, Èyọ̀ lè jáde fún un, aṣọ funfun á bo ojú, á balẹ̀. (Ẹ má wọ bàtà pàdé wọn o, ojú mi ti rí i.)

Mo fẹ́ ní kí ẹ máa ṣe é lọ, mo ti kọ ọ́ tán kí n tó pa á rẹ́. Ohùn ló dá mi dúró. Ohùn tí egúngún ń fọ̀ kì í ṣe ohùn ẹnì kankan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí i ni, ó ń há, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ohùn bàbá lágbájá nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé aṣọ wà láàárín òun àti òkú. Tiyín ò láṣọ. Ohùn Màmá gan-an ni, tikọ́tikọ́.

Ọmọ Yàbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tú ẹ̀rọ yẹn fún yín wò, kí ẹ̀rù ikọ́ yẹn lè dín kù. Kò mọ Màmá. Ó gba voice note 16, ó sọ ohùn di nọ́ńbà, ó wá ń ṣírò ìró tó yẹ kó tẹ̀lé ìró. Bó bá jẹ́ pé Màmá máa ń wúkọ́ lẹ́yìn ìkíni, òun náà á wúkọ́. Ẹ̀yin atẹ̀wé ló yẹ kó tètè yé: ẹ̀yin náà á ti to ìwé Lárúbáwá rí láìgbọ́ Lárúbáwá, lẹ́tà kan ò ṣì, oníwèé sì dúpẹ́. Ohun tí John Searle, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 1980 nìyẹn. Ó ní ká ti ẹni tí ò gbọ́ èdè Ṣáínà mọ́ yàrá pẹ̀lú ìwé tó júwe àmì tó máa fi dá àmì lóhùn. Àwọn tó wà níta á máa rò pé ó gbọ́.

Àmọ́ ìtàn tó kàn yín jù ni ti Joseph Weizenbaum. Jámánì ni wọ́n bí i sí, MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló ti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1966 ó gbé ELIZA jáde, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi dókítà tó ń gbọ́ ìṣòro èèyàn. Kò ju kó ṣa ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ẹ sọ, kó fi bi yín padà. Ẹ dárúkọ ìyá yín, á ní kí ẹ sọ sí i nípa ẹbí yín. Akọ̀wé rẹ̀ wà níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ ọ́, ó mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ni. Ó jókòó tì í, kò pẹ́ ló ní kí ọ̀gá bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn Weizenbaum. Ní 1976 ó kọ odindi ìwé pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ ká gbé fún kọ̀ǹpútà, ì báà mọ̀ ọ́n ṣe.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ kọ "ẹ̀rọ ló ṣe é" sísàlẹ̀ fídíò kí ẹ rò pé ó tán. Wọ́n á kà á, wọ́n á sunkún síbẹ̀, ìdáríjì yẹn á sì wọlé.

Ìyá Léèsì Balógun

Ẹ̀yin ń sọ ti òkú, èmi ń bẹ̀rù ti alààyè. Bí n ò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, voice note ni mo fi ń sọ fún ọmọ tó ń bá mi tajà pé "kó léèsì márùn-ún fún Àlàájà, wọ́n á sanwó lọ́jọ́ Ẹtì." Kò sí ìwé, kò sí pé mo fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohùn mi ni. Bí atẹ̀wé bá lè ṣe èyí lóru ọjọ́ kan, kí ni àwọn ọmọ yahoo ò ní ṣe? Láti àná, èmi àti ọmọ yẹn ti ní ọ̀rọ̀ àṣírí, n ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin oníṣẹ́, ibo ni voice note Màmá wà báyìí? Ṣé ẹ rò pé orí laptop yín nìkan ni?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ìnáwó ti kọjá. Ìyá Léèsì, òótọ́ lẹ sọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo gbé e lọ, n ò sì ronú débẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ló jẹ́ kí n padà gbọ́ voice note 16 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ikọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tí Màmá fi ránṣẹ́ sí obìnrin yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó gáàsì, pańla tó wọ́n. Ó jọ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló fi ṣọwọ́ sí i. Wọn ò dárúkọ ọmọ tó wà ní Kánádà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo pe Mushin. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé kírẹ́díìtì mi ti tán. Ó ní ọdún mẹ́ta tí Màmá lò kẹ́yìn, wọn ò gbé fóònù ọmọ yẹn, kí n má sì bi òun nídìí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, voice note Màmá fúnra wọn kan la lò, èyí tí wọ́n ti ń bú ẹni tó ta iṣu jíjẹrà fún wọn. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin Kánádà ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Mo ní kí n dá owó padà, ó kọ̀. Ó ní kí n sáà fi èyí tí ẹ̀rọ ṣe ránṣẹ́: "Bọ̀dá, fún èmi nìkan ni. Kò sẹ́lòmíì tó máa gbọ́ ọ." Ẹ̀gbọ́n ní kí n pa á rẹ́. Ó ṣì wà lórí laptop níbí. Obìnrin yẹn ti pè lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, n ò tíì gbé e.