Àbọ̀ rèé: láti Nice lọ Monaco lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú màámi tí orúnkún ń dùn

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ rántí pé mo béèrè bí a ṣe lè ti Nice ní Faransé lọ Monaco, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà nítòsí rẹ̀, ká sì padà lọ́jọ́ kan náà láìná ìnákúnàá, tí orúnkún màámi kò fi ní ba ìrìn náà jẹ́.

Rélùwéè tí ẹ ní ká wọ̀ ló gbà á. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ láti Nice-Ville, ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá Nice, ẹni tó bá sì jókòó sápá ọ̀tún nígbà àlọ ló máa rí òkun. Ẹ má wulẹ̀ wá takisí.

Àwọn ẹ̀rọ agbéniròkè ìgboro Monaco wúlò gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n fún òkè tí ààfin wà, bọ́ọ̀sì ìlú la wọ̀ dé Monaco-Ville. Ẹ tètè dé bẹ̀, torí aago 11:55 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń pààrọ̀ ara wọn, èrò sì máa ń pọ̀. Màámi ní aṣọ funfun wọn mọ́ ju ti kúáyà lọ!

Ìta kasínò la ti ya fọ́tò. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè wọ yàrá tẹ́tẹ́ rárá.

Bọ́ọ̀sì 607 etí òkun tí ẹ ní ká bá padà ni kò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Ojú ọ̀nà rẹwà, àmọ́ nírọ̀lẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń padà sí ilé wọn ní Faransé ti kún un, ìdúró la wà. Bó bá ṣe ọ̀sán ni, ì bá sàn.

Èze, abúlé tó wà láàárín Nice àti Monaco, nìkan la ò dé. Ibùdókọ̀ rélùwéè rẹ̀ wà nísàlẹ̀ létí òkun, abúlé fúnra rẹ̀ wà lórí àpáta, a sì fi í sílẹ̀.