Ọ̀sẹ̀ tó ń ṣáájú nǹkan oṣù: ẹ jẹ́ ká sọ tiwa

Télọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ti ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tó kọjá, Ojúde Ọba ku ọjọ́ mẹ́jọ, aṣọ ẹgbẹ́ kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbá ọmọ iṣẹ́ mi létí torí pé ó gbé síìpù sódì. Síìpù lásán! Kí n tó mọ̀, mo ti fi sísọ́ọ̀sì ya gówùn ọ̀hún, aṣọ oníbàárà o. Mo wá jókòó sídìí maṣíìnì, mò ń sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan oṣù dé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ara mi ti balẹ̀.

Ìyá mi ní ìbínú ìdílé bàbá mi ni. Wòlíì kan ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ààwẹ̀ ọ̀hún bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má bi mí bó ṣe parí.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba aṣọ ló ní kí n máa sàmì sí i fún oṣù méjì: ọjọ́ tí ọyàn bá wú, ọjọ́ tí inú bá ń bí mi, ọjọ́ tí mo bá pò gààrí Ìjẹ̀bú oníṣúgà lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ kan, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ ni mo fi ń kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Oṣù méjì pé, gbogbo àmì ṣùjọ síbì kan, bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú nǹkan oṣù. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́ lóló. Kò tiẹ̀ ya àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu. Àṣé wọ́n ti ń pè é ní "ọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá" tipẹ́.

Dókítà wo àkọsílẹ̀ náà, ó ní PMS ni, ìyẹn ìnira ara àti ọkàn tó máa ń ṣáájú nǹkan oṣù. Ó ní bí ẹyin bá ti já sílẹ̀ lára obìnrin, hómóònù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí ara, á gòkè, á tún já wálẹ̀, ọpọlọ àwọn kan kì í sì í gbà á wẹ́rẹ́. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ni mo ń fi rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mi ò gun ọ̀kadà mọ́. Mo ti dín iyọ̀ àti magí inú ìkọ́kọrẹ́ kù, torí ikùn tó ń wú. Mo sì ń lo kálísíọ̀mù. Mi ò kì í gba iṣẹ́ kánjúkánjú lọ́sẹ̀ yẹn mọ́, àfi Ojúde Ọba, ìyẹn ò bi mí léèrè kó tó dé.

Olóbì, Ṣàgámù

Ẹ ṣeun, Àǹtí Télọ̀. Tèmi, àìsùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Dókítà ní kí n dín kọfí kù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mi ò mu kọfí rí láyé mi. Ó wo eyín mi, ó ní, "Obì ńkọ́, màmá?"

Ẹnu mi wọhò. Káfíìnì tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú gbànja tí mò ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́ nídìí igbá. Mo fi í sílẹ̀ lójijì, orí fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni o. Mo ń sùn báyìí. Ìrora ọyàn ò tíì lọ tán, ibuprofen, oògùn ìrora, ni mo ń lò sí i, lẹ́yìn oúnjẹ.

Tísà, Ìjẹ̀bú-Igbó

Tèmi kọjá ìbínú. Lóṣooṣù ni mo máa ń rò ó pé ó sàn kí n kú. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kí n lọ bímọ, á lọ. Mo ti bí mẹ́ta nígbà náà! Dókítà mìíràn ló sọ fún mi pé PMDD ni wọ́n ń pe èyí tó bá le tó bẹ́ẹ̀, ó sì kọ fluoxetine fún mi, oògùn tí wọ́n tún ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Èèyàn lè máa lò ó lójoojúmọ́, ó sì lè lò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú nǹkan oṣù nìkan. Ọ̀sẹ̀ méjì lèmi ń lò. Èébì gbé mi níbẹ̀rẹ̀, ó lọ. Àbúrò ọkọ mi ní oògùn wèrè ni. Mo ní kó fi wèrè náà sílẹ̀ fún mi, mo ń sùn, mo ń jí. Àmọ́ ẹ má lọ rà á ní kẹ́mísí fúnra yín o, kí dókítà yẹ̀ yín wò ná.

Bàbá kan, Ìpẹ̀rù

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo bi ìyàwó mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé nǹkan oṣù ló fẹ́ dé tó fi ń pariwo ni. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń se ọbẹ̀ tí mò ń jẹ.

Télọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má bi í bẹ́ẹ̀ mọ́, sà. Bí ẹ bá se ọbẹ̀ tán, ẹ bu tirẹ̀ sí i, kí iyọ̀ rẹ̀ má pọ̀.