Ẹ bá wa sọ ìrírí yín: bí ẹ ṣe ṣètò pitch abẹ́ hẹlikọ́pítà onírìmóòtù yín nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà ìdí iṣẹ́. Hẹlikọ́pítà kékeré tí mo fi kọ́kọ́ ń ṣeré, abẹ́ rẹ̀ (blade tó ń gbé e fò) kì í yí nínú ìdìmú. Bí motor bá sáré, á gòkè. Bí motor bá rọra, á sọ̀. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò parí yìí, 450 (bí wọ́n ṣe ń pe ìwọ̀n rẹ̀) tí abẹ́ rẹ̀ gùn ní 325 mm, kò rí bẹ́ẹ̀. Eré abẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Pitch, ìyẹn bí etí iwájú abẹ́ ṣe gbé sókè tó, ló ń gbé e ró. Ohun tó dà mí láàmú ni pé ìwé tó bá a wá ní kí pitch jẹ́ òdo nígbà tí ọ̀pá ìdarí bá wà láàárín. Àwọn tó ń fò sì ń sọ fún mi pé +5 tàbí +6 degree ni hẹlikọ́pítà wọn fi ń dúró lójú kan lófuurufú, tí ọ̀pá sì wà láàárín. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí ẹni tó ti la ibẹ̀ kọjá jọ̀wọ́ sọ bó ṣe ṣe é.

* * *

Àbúrò, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Òdo inú ìwé, ti irin ni: apá servo (motor kékeré tó ń ti nǹkan), swashplate (àwo tó ń gbé àṣẹ servo dé ọ̀dọ̀ abẹ́) àti àwọn link (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so wọ́n pọ̀). +5 tí wọ́n ń sọ fún ọ, inú rìmóòtù ló wà, níbi tí wọ́n ń pè ní pitch curve, ìyẹn iye pitch tí rìmóòtù ń fún ibi kọ̀ọ̀kan tí ọ̀pá bá dé. Ti irin ló ń ṣáájú. Bí o bá fi curve bo irin tó wọ́ mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi tú ọ lójú.

Tèmi, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lọ sí motor ni mo kọ́kọ́ ń yọ. Lẹ́yìn náà, màá fi pitch curve sí ìlà gbọọrọ: 0 nísàlẹ̀, 50 láàárín, 100 lókè. Màá gbé ọ̀pá sí àárín gẹ́lẹ́, màá sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kan àwọn apá servo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ṣe igun 90 pẹ̀lú ọ̀pá link tó so mọ́ ọn. Ehín inú apá servo kì í sábà jẹ́ kó bọ́ sí 90 gẹ́lẹ́, nítorí náà mo máa ń yọ ọ́, kí n yí i bọ ehín mìíràn, títí màá fi rí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù ni mo ń fi subtrim, ìyẹn sísún àárín servo látinú ètò, pa rẹ́. Díẹ̀ ni mo wí o. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo ń bá pàdé, subtrim ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Servo tí a fi subtrim tì jìnnà kì í rìn lọ́gbọọgba mọ́ lókè àti nísàlẹ̀, swashplate á sì máa wọ́ bó ṣe ń gòkè. Bí tìrẹ bá sì jẹ́ èyí tí kò ní flybar (ọ̀pá kékeré orí abẹ́ tó ń mú un dúró jẹ́ẹ́), inú gyro (ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dípò rẹ̀) ni kí o ti ṣe subtrim, má ṣe é nínú rìmóòtù. Ohunkóhun tó bá ti inú rìmóòtù wá, àṣẹ ni gyro ń kà á sí.

Swashplate ló tẹ̀lé e. Servo mẹ́ta ló gbé e ró, igun 120 sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Irinṣẹ́ kan wà tí a ń fi sórí main shaft, irin gbọọrọ tó ń yí abẹ́, láti fi mọ̀ bóyá swashplate tẹ́. Kò wúwo lápò, rà á. Link ìsàlẹ̀, èyí tó ti ọ̀dọ̀ servo wá, ni màá máa yí títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ swashplate yóò fi kan irinṣẹ́ náà bákan náà. Ìgbà yẹn ni màá tó gbé pitch gauge, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn pitch, sí abẹ́. Bí kò bá kà òdo, link òkè, láti swashplate lọ sí ìdìmú abẹ́, ni màá yí. Má padà lọ fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ mọ́, o ti parí ìyẹn. Ṣe bákan náà fún abẹ́ kejì.

Bí òdo bá ti dúró, gbé ọ̀pá dé òkè, ka gauge. Sọ ọ́ dé ìsàlẹ̀, tún kà á. +10 àti -10 tó ẹni tó ń kọ́. Àwọn tó ń fi tiwọn tàkìtì ló nílò 12. Bí o bá rí +11 lókè àti -9 nísàlẹ̀, má tíì fọwọ́ kan range (ètò ibi tí pitch lè rìn dé). Òdo ni kí o padà lọ wò. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni curve tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ: -3 nísàlẹ̀, +5 láàárín, +9 tàbí +10 lókè. O rí i báyìí pé òdo àárín ti irin kò lọ síbì kan. Rìmóòtù ló kàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn.

* * *

Ẹ má fojú kékeré wo yíyọ okùn motor yẹn o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ọmọkùnrin ẹni ọdún 19 kan ń fo hẹlikọ́pítà tirẹ̀ ní ọgbà ìtura kan ní Brooklyn, New York. Abẹ́ bá a lórí, ó sì kú. Bọ́tìnnì throttle hold, èyí tó ń pa motor tí pitch ṣì ń ṣiṣẹ́, dára, èmi náà ń lò ó, àmọ́ ìka lè ṣèèṣì kàn án. Okùn tó wà lórí tábìlì kò lè yí motor kankan.

* * *

Èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni màá sọ. Ẹni tó tà á ní òun ti ṣètò rẹ̀, kí n kàn fi bátìrì sí i. Ó ń fò lóòótọ́. Ó ń dúró lójú kan dáadáa pẹ̀lú. Àmọ́ bí mo bá ti ní kó gòkè kíákíá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa ń rọ̀ sí, nígbàkigbà, atẹ́gùn ì báà máà sí.

Kò sí pitch gauge lọ́wọ́ mi nígbà náà. Àgbà kan ló kọ́ mi pé kí n fi ọ̀pá sí àárín, kí n ká abẹ́ méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n lè lọ lórí ìrù, lọ́gbọọgba. Bí pitch bá jẹ́ òdo, abẹ́ méjèèjì á tẹ́ lójú kan náà, etí wọn á bá ara wọn. Tèmi ya bí ẹnu ìkà tó ń rẹ́rìn-ín. Mo tú u palẹ̀. Link abẹ́ kan gùn ju èkejì lọ, apá servo kan wọ́ sílẹ̀ tí ojú lásán rí i, wọ́n sì ti fi subtrim rẹpẹtẹ bò ó. Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè yẹn gan-an ni: láàárín, swashplate tẹ́, bó ṣe ń gòkè ló ń wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró dáadáa tó sì ń rọ̀ nígbà tó bá ń gòkè.

Mo pa gbogbo subtrim rẹ́ sí òdo, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí apá servo. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ní òun ti ṣètò hẹlikọ́pítà tó ń tà, mo máa ń ní kó jẹ́ kí n wo ojú ewé subtrim rẹ̀ ná.

* * *

Àǹtí, ẹ ṣeun, ìkíká abẹ́ yẹn wúlò. Mo fẹ́ fi kún un pé òdo lórí tábìlì kò túmọ̀ sí pé abẹ́ méjèèjì á máa fò lójú kan náà. Tracking ni wọ́n ń pè é. Mo máa ń lẹ téèpù pupa mọ́ ṣóńṣó abẹ́ kan, téèpù aláwọ̀ ewé mọ́ èkejì. Kí ẹni tó mọ fífò gbé e sókè díẹ̀, ní ibi tí ojú ẹni tó ń wò ó bá a dọ́gba, kí ẹ sì jìnnà sí i dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà méjì dípò ẹyọ kan, àwọ̀ tó wà lókè ni abẹ́ tí pitch rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ yọ bátìrì, ẹ dín link abẹ́ yẹn kù díẹ̀.

Níbí ni ike ball link ti máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ wọn ní ojú kan pàtó tó gbọ́dọ̀ kọ síta, torí náà èèyàn kò lè yí i ní ìdajì. Odindi yíyí kan ló wà, ìyẹn sì lè pọ̀ jù. Bí hẹlikọ́pítà rẹ bá ní link olójú méjì tí a ń fi spánà yí láìyọ ọ́, dúpẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti sún mọ́ra jù ni kí o fi í sí.

Ẹ má ṣe tracking nígbà tí abẹ́ kò tíì sáré tó o. Nǹkan bí 2,500 ìyípo láàárín ìṣẹ́jú kan ni 450 ń lò.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n takò ẹ̀gbọ́n díẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ kò nílò kí -10 wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, ọ̀pá ló máa fà sílẹ̀, hẹlikọ́pítà á sì forí sọlẹ̀. Mo ti rí i ju ẹyọ kan lọ lára àwọn tí mo ń kọ́.

* * *

Kò sí ìjà níbẹ̀, ọ̀gá. -10 yẹn, ti irin ni, kí ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ lè dọ́gba. Curve tí mo fún un dúró sí -3. Ẹ má sì jẹ́ kó fi òdo sí ìsàlẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, tí kò sì sí pitch tó wà lábẹ́ òdo, hẹlikọ́pítà kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á máa fò lọ lójú rẹ̀. Bí motor bá kú lókè ńkọ́? -3 tàbí -4 yẹn ló ń mú kí atẹ́gùn máa yí abẹ́ nígbà tó ń sọ̀, kí agbára lè wà nínú rẹ̀ láti fi gbé e ró nígbà tó bá dé ilẹ̀. Nítorí náà curve ti throttle hold gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀ àti òkè tó péye; má fi òdo sí gbogbo rẹ̀.

* * *

Kúkúrú ni tèmi. Ẹ máa fetí sí i. Bí ọ̀pá bá dé òkè tí servo sì ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò, nǹkan ń kọ́lu nǹkan níbì kan. Ẹ dín range kù kí servo má bàa jóná. Lófuurufú, bí ohùn abẹ́ bá ń rẹlẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á lọ sókè, tí ìrù sì ń já sẹ́gbẹ̀ẹ́, pitch ti pọ̀ ju ohun tí motor lè gbé lọ. Ẹ fọwọ́ kan ESC, ẹ̀rọ tó ń darí iná motor, nígbà tó bá sọ̀, ẹ ó rí i bó ṣe gbóná.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dé ibi òdo, swashplate ti tẹ́. Àmọ́ gyro ń béèrè pé kí n fi pitch sí 6, mi ò sì tíì fọwọ́ kan òkè àti ìsàlẹ̀. Ṣé òun náà ni +6 tí wọ́n ń fi dúró lófuurufú?

* * *

Rárá o. Cyclic nìyẹn, wíwọ́ swashplate sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí síwájú àti sẹ́yìn, kì í ṣe gbígbé sókè. Gyro fẹ́ mọ bí irin rẹ ṣe ń rìn tó kó lè ṣírò ìyókù. Gyro mìíràn á béèrè 8. Èyí tí tìrẹ bá béèrè ni kí o fún un. Yí abẹ́ kan kó lọ lórí ìrù gbọọrọ, fi pitch gauge sí i, rí i pé ó ń kà òdo, kí o wá jẹ́ kí gyro wọ́ swashplate sẹ́gbẹ̀ẹ́. Máa yí iye náà títí gauge yóò fi kà 6. Má dín in kù nítorí pé o fẹ́ kó rọra. Ìrọra wà ní rate àti expo (ètò bó ṣe ń yára dáhùn sí ọ̀pá), ní ojú ewé mìíràn. Bí 6 bá ti dúró, ìgbà yẹn ni gyro yóò gbé ọ lọ sí +10 àti -10.