Wọ́n ní kí n ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ Irish ní yunifásítì wa. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Alábòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi hàn.

Boston ni mo wà, ọdún kẹta mi rèé ní yunifásítì. Ọmọ tí a jọ ń gbé yàrá ló fà mí lọ sí ẹgbẹ́ àṣà Irish. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni mo bá lọ, kí n má parọ́. Ijó wọn ló dá mi dúró: èjìká kò gbọdọ̀ mì, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo jó bàtá dàgbà n'Íbàdàn, ó pẹ́ gan-an kí èjìká mi tó gbọ́ràn. Ní báyìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn tuntun ní ijó céilí, ijó Irish tí a máa ń jó pọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́.

Ààrẹ wa ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n sì ní kí n rọ́pò rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ní Worcester ní ṣé n kò rí ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ náà tún fẹ̀rín bi mí pé ìyá mi àgbà wo ló ti Cork ní Írẹ́lándì wá. N kò rí èsì fọ̀.

Ìyá Ìbejì, Dublin: Ọmọ mi, gbà á. Ẹni tó bá tún bi ọ́ ní ìyá àgbà, bi í níbi tí wọ́n ti bí Patrick, ẹni mímọ́ àwọn Irish, fúnra rẹ̀. Britain ni àwọn ajínigbé ti gbé e nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16. Ọdún 6 ló fi ṣe ẹrú darandaran ní Írẹ́lándì kó tó sá. Òun náà ni ẹni mímọ́ aláàbò Nàìjíríà. Má sì jẹ́ kí wọ́n kọ "Patty's Day" sára pátákó lọ́jọ́ àjọ̀dún rẹ̀, 17 oṣù Kẹta, o, Paddy ni wọ́n ń pè é níbí. Ewé shamrock tó jẹ́ àmì Írẹ́lándì, mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́rin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Owó ńkọ́? Gbèsè ni mo jogún nígbà tí mo ṣe ààrẹ tèmi. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 bá sì mutí lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta, ìwọ ni wọ́n máa pè.

Àyánwálé: Mo wo ìlù wọn, bodhrán. Awọ ewúrẹ́, ojú róbótó, igi kékeré ni wọ́n fi ń lù ú. Sákárà rèé! Amọ̀ la fi mọ ti wa, pákó ni tiwọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston: Àbúrò, má gbà á. Àwòrán ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ yà. Tí òyìnbó bá wá ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ Yorùbá, kí lo máa sọ?

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ro ìyẹn dáadáa. Tí òyìnbó náà bá mọ̀ ọ́n jó, tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń bá wa fọ ìkòkò, màá dìbò fún un. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà kó máa ṣe ìwúre fún wa. Torí náà, ohun tí mo sọ fún wọn rèé: màá ṣe é, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá ń rántí ìyàn ńlá Írẹ́lándì ti 1845 sí 1852, tó pa bíi mílíọ̀nù kan, ẹni tí ìyàn yẹn lé àwọn baba ńlá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ni kó sọ̀rọ̀. Èmi á jókòó síwájú, màá máa gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, mo béèrè ìwé owó. Gbèsè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Owó afunfèrè èṣí ni.