Ṣé ọmọbìnrin lè di Grandmaster láìfi ìwé sílẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́, Òkè-Fìà, Òṣogbo:
Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì débi pé kò tíì ní bọ́ aṣọ ilé-ìwé tí yóò ti to ọmọ ayò sórí pátákó, tí yóò sì máa kọ ìta kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré kan. Ó ní bíi Hou Yifan ti ilẹ̀ Ṣáínà lòun fẹ́ dà. Ẹ̀rù ń ba bàbá rẹ̀ pé ayò yìí yóò dí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni obìnrin náà ṣe pa méjèèjì pọ̀?

Olùkọ́ Ìgbọ̀nnà:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ìtàn Hou Yifan gan-an ló yẹ kó fi ọkàn bàbá ọmọ balẹ̀. Ní ọdún 2008, lọ́mọ ọdún 14, ó gba oyè Grandmaster, oyè tó ga jù lọ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, oyè kan náà tí àwọn ọkùnrin ń gbà. Kò sì sí obìnrin tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó gbà á ṣáájú rẹ̀. Ní 2010 ó gba adé àgbáyé àwọn obìnrin (World Championship). Síbẹ̀, kò torí èyí pa ìwé tì: ó wọ Peking University, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tó tún gba adé náà ní 2013, lẹ́yìn náà, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes gbé e lọ sí Oxford, nígbà tó sì di 2020, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Shenzhen University lọ́mọ ọdún 26. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò ní ayò ń ba ìwé jẹ́?

Ọ̀tayò Ọjà Ọba:
Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà máa bá obìnrin nìkan ta. Ẹni tó bá fẹ́ oyè Grandmaster gbọ́dọ̀ ní rating (òǹkà tó ń fi bí ẹni ṣe mọ ayò ta tó hàn) 2500, kó sì tún gba norm (èsì tó tó ti Grandmaster) ní àwọn ìdíje tí àwọn Grandmaster mìíràn wà. Oyè WGM (Woman Grandmaster) tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, 2300 ni tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin ni Judit Polgar ti Họ́ńgárì ń bá figa gbága láti kékeré, rating rẹ̀ sì gòkè dé 2735, nígbà tí ti Hou dúró sí 2686. Lóòótọ́, ọ̀nà àbùjá wà: Divya Deshmukh ti Íńdíà gba Ife Àgbáyé (World Cup) àwọn obìnrin ní Batumi ní 2025, lọ́mọ ọdún 19, wọ́n sì fún un ní oyè náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbójú lé ìyẹn?

Ará Òkè-Baálẹ̀:
Owó ìrìn àjò ló ń ba èmi lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ, nítorí òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ìdíje wọ̀nyẹn wà. Kí ìyẹn tó dé, ẹ gba nọ́ńbà FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fún un nípasẹ̀ àjọ ṣẹ́ẹ̀sì orílẹ̀-èdè wa, kó sì máa ta lórí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.