Ìràpadà kọ́, àwàjáde ni

Ẹ̀gbọ́n wa Ọ̀yọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ dá fún wa: "àwo líle" fún háàdì díìsìkì tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, "asopọ̀" fún àdápítọ̀ tí a fi ń so háàdì àtijọ́ mọ́ ihò USB, àti "ìràpadà fáìlì" fún gbogbo iṣẹ́ tí a ń fi wọ́n ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí yín dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ jà sí.

Ohun tó fún mi lẹ́nu ni kọ̀ǹpútà àgbélétábìlì kan tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ lọ, nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó pẹ́ tí kò ti tan mọ́. Inú rẹ̀ ni oríkì ìdílé wà, tí bàbá fi ohùn ara wọn kà sílẹ̀, àti fọ́tò ìsìnkú ìyá wọn. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí, ló wá tú u. Ó yọ háàdì, ó mú àdápítọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta jáde nínú àpò: ẹnu kan fún SATA, irú háàdì tó tuntun díẹ̀, ẹnu kan fún IDE ńlá, irú ti àtijọ́, tó ní pín-ìnnì 40, ẹnu kẹta fún IDE kékeré ti láptọ́ọ̀pù tó ní 44. Ó so ó. Háàdì ò yí, kò dún, kò mì.

Mo ní, "Ó ti kú nìyẹn."

Ó ní, "Kò kú, Màmá. Ebi iná ló ń pa á."

Háàdì kékeré inú láptọ́ọ̀pù, fólítì 5 tí USB ń gbé wá tó fún un láti jẹ. Èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ ń fẹ́ fólítì 12 pẹ̀lú, USB kò sì ní i. Wáyà iná ọ̀tọ̀ wà fún un, tó ń lọ sára ògiri. Ọmọ náà ki wáyà yẹn bọ̀ ọ́, háàdì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin.

Síbẹ̀ kọ̀ǹpútà kò rí i. Ó tún yọ ọ́, ó yí ike pẹ́ńpẹ́ kan padà lẹ́yìn rẹ̀. Láyé IDE, háàdì méjì lè wà lórí wáyà kan, ike yẹn ló ń sọ èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn àti èyí tó jẹ́ ẹrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Òyìnbó pè é, ọ̀gá àti ẹrú. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ Yorùbá ló ṣe nǹkan yìí, ìyáálé àti ìyàwó ni ì bá pè wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyáálé ti dáhùn. Fáìlì yọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí: "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kó o." Kò ní òun fẹ́ rà á padà. Ẹrù wà nínú ilé, ilẹ̀kùn ilé ló bàjẹ́, a gba ojú fèrèsé kó ẹrù jáde. Ta ni a ra kí ni lọ́wọ́ rẹ̀?

"Àwo líle" ni kí n kọ́kọ́ yanjú, torí kò ní pẹ́. Òyìnbó sọ ọ́ ní líle nítorí pé wọ́n ní òmíràn tó rọ̀, flọ́pì, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò rí rí. Líle yẹn, ìdáhùn ni sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wá ní Yorùbá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwo kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Háàdì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde lọ́dún 1956, àádọ́ta àwo ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, gbogbo ohun tó sì lè gbà kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà lọ. Fọ́tò kan tí ẹ bá fi fóònù yà lónìí lè má gba inú rẹ̀. Àwo ni ohun tó ń yí nínú ilé. Ilé náà ńkọ́? Èmi pè é ní àká. Ibi tí a ń kó ọkà pamọ́ sí ni àká, gbogbo ẹni tó bá ti ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ ọ́n. SSD, irú háàdì ìgbàlódé tí kò ní àwo kankan nínú, á wọ inú orúkọ yìí láìjanpata. "Àwo líle" yín yóò ti ojú rẹ̀ ṣubú.

Àwọn ọmọ Under G kò ní yéé pè é ní háàdì o, mo mọ̀. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí.

"Asopọ̀" ló dùn mí jù, nítorí pé ó bá nǹkan mu lójú, kò bá a mu nínú. Ohun tó ń so wáyà mọ́ wáyà lásán ni asopọ̀. Èyí tí a gbé orí rẹ̀ mọ́ iná láti sọ ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta di ẹlẹ́sẹ̀ méjì, asopọ̀ nìyẹn. Àmọ́ háàdì SATA kò gbọ́ èdè USB, kọ̀ǹpútà tó sì wà lórí ihò USB kò lè sọ èdè háàdì sí i ní tààrà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú àdápítọ̀ náà tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èyí, tó ń sọ ọ́ sétí èyí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni. Ní ìlú tiwa yìí, a mọ iṣẹ́ ògbufọ̀. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1855, ló ṣe ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Smithsonian tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1858. Àwọn ìyá wa sì mọ bí ó ṣe máa ń rí bí Òyìnbó bá ń wàásù, tí ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gbólóhùn gígùn á wọlé, gbólóhùn kúkúrú á jáde.

Àdápítọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Háàdì máa ń pa ìròyìn ìlera ara rẹ̀ mọ́, iye ibi tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. SMART ni wọ́n ń pe ìròyìn yẹn. Ọ̀pọ̀ àdápítọ̀ kì í túmọ̀ ẹ̀ka yẹn fún kọ̀ǹpútà. Fáìlì á jáde, ìròyìn àìsàn á kù sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń pè é ní asopọ̀ kò ní ronú pé ọ̀rọ̀ lè já bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá pè é ní ògbufọ̀ á fura.

Àbúrò kan ti sọ pé ènìyàn ni ògbufọ̀, pé a kò lè fún irin lórúkọ ènìyàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? Ta ló bí i?

Ó wá ku "ìràpadà". Owó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ̀fà ni a ń rà padà, ohun tí a fi dógò ni a ń rà padà, ohun náà sì ń bọ̀ wálé ní odindi bó ṣe lọ. Gbogbo wa tí a dàgbà lábẹ́ agogo ìjọ ní ìlú yìí, bí a bá gbọ́ ìràpadà, orin ló ń wá sí wa lẹ́nu, kì í ṣe fáìlì. "Ìgbàpadà" tí àwọn kan dábàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀: ó dà bí ẹni pé olè ló kó o.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà pa fáìlì rẹ́, kì í sábà fọwọ́ kan ara fáìlì náà. Inú ìwé tó kọ orúkọ àwọn fáìlì sí ló ń lọ, á fàmì sí i pé àyè yìí ti ṣófo, ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á. Ẹ wo oko iṣu lẹ́yìn tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ ewé rẹ̀ tán. Àlejò tó bá gba ibẹ̀ kọjá á ní kò sí nǹkan nínú oko. Iṣu wà nínú ebè. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kò níí rà á, kò níí gbà á, yóò wà á.

Ìdí nìyí tí mo fi dá "àwàjáde". Ó bá àgbéjáde àti àmújáde rìn, awakùsà sì jẹ́ ìbátan rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní "híhú" ló yẹ. Òkú ni a ń hú. Ẹnìkan á tún ní "wíwà" ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ìyẹn ni n kò fi dá a dúró láìsí "jáde" lẹ́yìn rẹ̀.

Àwàjáde ń sọ ohun tí ìràpadà ń bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ti pa fódà kan rẹ́ nínú háàdì bàbá, ọmọ náà sì fi PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́, wa inú rẹ̀. PhotoRec kì í wo ìwé orúkọ rárá. Ó mọ̀ pé fọ́tò JPEG a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF, ó ń tọ àmì yẹn káàkiri ilẹ̀. Fọ́tò jáde, àmọ́ kò sí èyí tó ní orúkọ nínú wọn. Nọ́ńbà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Mo jókòó fún ọjọ́ méjì, mò ń sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a rà padà kì í gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ó tún ń kìlọ̀. Inú háàdì mìíràn ni ọmọ náà ń kó ohun tó wà jáde sí. Bí ẹ bá kó o padà sínú àká kan náà, ebè tuntun ni ẹ ń kọ sórí ebè tí ẹ kò tíì wà, ọkọ́ á gé iṣu tó kù. Ti SSD le ju bẹ́ẹ̀ lọ: àṣẹ TRIM ń jẹ́ kó gbá àyè tó ṣófo mọ́ fúnra rẹ̀, oko tí a ti tú ni. Bí Windows bá sì bi yín pé ṣé kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó, ẹ má ṣe dá a lóhùn.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì ni mo ń tọrọ níbi tí ẹ ti fún wa ní ẹyọ kan. Àkójáde, nígbà tí ara àká le tí ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan bàjẹ́, tí ògbufọ̀ tó fún un. Àwàjáde, nígbà tí orúkọ ti pa rẹ́ tí iṣu ṣì wà nílẹ̀. Mo ní ìdí tí kò dùn mọ́ mi láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ọmọ náà tó wá, mo ní háàdì láptọ́ọ̀pù kan tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé gbogbo fáìlì ló ṣeé gbà padà, mo bá ń so ó, mo ń tú u, mo ń so ó. Ìró yẹn ni ti orí tó ń kàwé lórí àwo, tó ti ń ṣe àìsàn. Bí iná ṣe ń wọ inú rẹ̀ ló lè máa ha àwo. Lọ́jọ́ kẹta, ó dákẹ́ pátápátá. Àkójáde kọ́, àwàjáde kọ́, aláìsàn ni.

Irú èyí, tó bá ṣì ń yí, ẹ̀dà gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe, ibi tó dára àti ibi tó ti jẹrà, kí wọ́n tó wa ohunkóhun. Ọmọ náà ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ ddrescue fún un: á kó ibi tó rọrùn ná, á padà sórí ibi tó le. Ara ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á ti wa fáìlì, wọn ò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́. Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀dà yìí ni n kò rí. "Ẹ̀dà" fúnra rẹ̀ kéré jù, "àdàkọ" ti di ti fọtokọ́pì. Mo ronú ìbejì, nítorí ère tí a ń gbẹ́ tí a sì ń tọ́jú bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó bi mí pé èwo nínú méjèèjì ni yóò wá jẹ́ Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì, ẹ bá mi dá a lóhùn.